Ẹni Tó Ń Wo Ẹsẹ̀ Oníjó

Ìta-Ògbólú, lọ́jọ́ Ẹtì kan tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Níwájú ilé bàbá wọn, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ijù, ẹ̀gbọ́n ń to sípíkà jọ fún ìnáwó òkú àgbà tí yóò wáyé lọ́jọ́ kejì. Láti ọdún 1994 ló ti ń fi ẹ̀rọ orin ṣiṣẹ́ lóde àríyá, kò sì gbé ìlú míì rí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti Lọ́ńdọ̀nù dé lánàá, lẹ́yìn ọdún 11.

ÀBÚRÒ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ n bá yín ká wáyà yẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: O ṣé, jókòó jàre. Ọ̀nà tó ti Ìgoba wá síbí nìkan tó láti gba okun lára èèyàn, ká má tíì wá sọ ti ẹni tó ti inú bàálù bọ́ sínú ọkọ̀. Fa àpótí yẹn. Ṣé o ti jẹun?

ÀBÚRÒ: Mo jẹ iyán débi pé bíbẹ̀rẹ̀ ti di iṣẹ́. Orin wo lẹ máa kọ́kọ́ fi sí i lọ́la?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò tíì mọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé abẹ́ tẹ́ńtì ló máa sọ fún mi. Bó bá jẹ́ àwọn ìyá ìjọ ni, orin ìyìn ni. Bó bá jẹ́ àwọn àgbà ọkùnrin, Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé, kí wọ́n rí nǹkan mi orí sí. Ìgbà tí wọ́n bá jẹun tán, tí oòrùn rọlẹ̀, tí àwọn ọmọ olókùú ti pààrọ̀ aṣọ, ìgbà yẹn ló dá mi lójú: "Nobody" ti DJ Neptune.

ÀBÚRÒ: "Nobody"? Ti ọdún 2020? Orin tó ti jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò lóǹkà mọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi àti orin yẹn ló mọ ohun tó wà láàárín wa. Màá sọ fún ọ tó bá yá.

ÀBÚRÒ: Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó máa ń dùn mí nípa rẹ̀. Joeboy ló kọrin yẹn. Mr Eazi náà kọrin níbẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ DJ ló ṣáájú. Kì í ṣe òun ló ń kọrin, kò fọwọ́ kan gángan, nígbà míì sì rèé, ẹlòmíì ló máa ń bá àwọn DJ ṣe ìlù ẹ̀rọ yẹn pàápàá. Nígbà tí à ń dàgbà, ẹni tó bá kọrin ló lorin. Kí ló wá kan DJ nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní tirẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Wo aṣọ ẹbí ọ̀la. Ìyàwó àkọ́bí olókùú ló lọ mú un ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Kò hun ún, kò rán an, kálukú ló fowó ara rẹ̀ ra tirẹ̀. Àmọ́ bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá wọ̀ ọ́ jáde, ohun kan ṣoṣo ni àlejò máa béèrè: ta ló mú aṣọ yìí? Tó bá mú ojú, òun ni wọ́n á kí. Tó bá ń ṣí àwọ̀, òun náà ni wọ́n á dárúkọ.

ÀBÚRÒ: Aṣọ yàtọ̀ sí orin, ẹ̀gbọ́n mi. Èèyàn lè fi ọdún mẹ́wàá kọ́ gángan, kí ó lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ á fi le. Ṣé ẹni tó kàn sọ pé "ìwọ wá, ìwọ náà wá" ló máa wá gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: O rò pé orin ni DJ ń fi gbogbo òru gbọ́. Ẹsẹ̀ ló ń wò. Láti ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ojú èèyàn lóde. Bí ìyá kan bá jókòó sórí àga rẹ̀, tó ń fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ lábẹ́ ìró, orin ti fẹ́ mú un, ó ku díẹ̀ kó dìde. Mi ò gbọ́dọ̀ yí orin yẹn padà bó tilẹ̀ wù mí. Bí ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ bá ti kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, wọ́n ti lọ nìyẹn, bí ara wọn ṣì tilẹ̀ wà lójú agbo. Mi ò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ tí màá fi pè wọ́n padà. Orin tí olórin bá ti ń kí ara rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan kí ìlù tó wọlé, kí á má rí i, ojú agbo á ti ṣófo.

Ti bí a ṣe ń so orin pọ̀ tún wà níbẹ̀. Èyí tí ìlù rẹ̀ jẹ́ 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, o ò lè ṣàdédé fi èyí tó jẹ́ 128 lé e lórí, oníjó á kọsẹ̀. Ńṣe lo máa gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀, 100, 104, 108, títí àwọn tó ń jó jẹ́jẹ́ á fi rí i pé àwọn ti ń làágùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹsẹ̀ àwọn ará Ìta-Ògbólú ni mo ti kọ́ ọ. Neptune náà kò ti ojú ọ̀run já bọ́. Ó ṣiṣẹ́ DJ ní rédíò Raypower ní Èkó, ó fi orin sí i lóde ọ̀wàḿbẹ̀ àti ní kílọ́ọ̀bù, ó ti wo ẹsẹ̀ tí kò lóǹkà. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ sítúdíò, tó ní kí Joeboy kọ apá yìí, kí Mr Eazi wọlé níbẹ̀ yẹn, kí ìlù má pẹ́ wọlé, gbogbo ẹsẹ̀ yẹn ló ń bá a sọ̀rọ̀.

ÀBÚRÒ: Mr Eazi náà mọ ọ̀rọ̀ àríyá ṣá o. Ìgbà tó wà ní yunifásítì ní Kumasi ní Ghana, àríyá ló ń ṣètò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó tó di olórin. Òun ló sì kó Joeboy mọ́ra nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o rí i? Ẹni méjì tó ti fi òru ṣọ́ àríyá ló wà nídìí ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́. Kí ló wà láàárín ẹ̀yin àti orin náà?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìparí oṣù kẹta 2020 ló jáde. O rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù yẹn.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti Èkó pa torí àrùn Kòrónà.

Ẹ̀GBỌ́N: Èkó, Ògùn, Àbújá. Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pé jọ. Ìnáwó mẹ́rin ni wọ́n ti san owó ìdádúró rẹ̀ fún mi fún àkókò Ọdún Àjíǹde. Mo dá owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, torí òkú wà ní mọ́ṣúárì, àwọn ọmọ olókùú náà ń wá ohun tí wọ́n á jẹ. Jẹnẹrétọ̀ mi wà ní ẹ̀yìnkùlé títí eku fi jẹ wáyà ẹ̀ tán. Inú ipò yẹn ni mo wà tí mo fi gbọ́ orin náà lórí rédíò láti Àkúrẹ́. Bó ṣe wọlé báyìí, etí mi sọ fún mi pé orin òde ni. Ọkùnrin kan ń sọ fún obìnrin pé kò sí ẹni tó dà bí ẹ, ọ̀rọ̀ kò ta kókó, ìlù kò le, kò rọ̀, ìyá àgbà lè jó o, ọmọ kékeré lè jó o. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá gbé iyán síwájú ẹni tí wọ́n dì lọ́wọ́. Wọ́n ṣe orin ijó fún wa nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ jó.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ dá owó padà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ẹ máa ń ní nǹkan ń lọ déédéé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ náà ò sọ iye arúgbó tó kú níbi iṣẹ́ rẹ.

ÀBÚRÒ: Mi ò lè sọ ọ́. Mi ò tíì lè sọ ọ́ dòní.

Ẹ̀GBỌ́N: Nítorí náà la ò fi bi ara wa.

ÀBÚRÒ: Ọjọ́ 23 oṣù yẹn ni wọ́n ti tiwa pa. Èmi ṣì ń jáde, torí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ò lè tì. Bọ́ọ̀sì òru ń gbé èmi nìkan àti dẹ́rẹ́bà. Ọmọbìnrin ará Ghana kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru, òun ló fi orin náà sí i lórí fóònù rẹ̀ nínú ilé ìdáná ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Wọ́n ní ká fi mítà méjì jìnnà síra wa. Òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń fọ abọ́, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, a wọ ìbọmú, a jó. Orin náà tán, a tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a padà lọ yí àwọn arúgbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara wọn má baà bó. Mi ò mọ̀ pé DJ ló lorin yẹn, orúkọ Joeboy nìkan ni mo mọ̀. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń bá orúkọ tó wà níwájú jà. Mo rò pé ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lóru yẹn ló yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ níbí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo so sípíkà kékeré kan mọ́ bátìrì ọkọ̀, mo gbé e síwájú ilé níbi tí o jókòó sí yìí, mo fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá tí à ń sin lọ́la yìí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni o ń wò ní òdìkejì títì yẹn. Àtùpà wà nínú yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo rí òjìji ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì, ó dúró díẹ̀ torí orúnkún rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹyọ ẹni kan ṣoṣo tí mo wò ní gbogbo oṣù yẹn nìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n jẹ́ kí a padà pé jọ, mo fi "Nobody" sí i, mo sì rí ohun tí mi ò rí rí. Wọn ò tíì jọ jó o rí, síbẹ̀ gbogbo agbo ló mọ ibi tí wọ́n ti ń yí àti ibi tí wọ́n ti ń dá ọwọ́ dúró. Kálukú ti jó o nínú ilé tirẹ̀.

ÀBÚRÒ: Páálí wo lẹ gbé sẹ́bàá ẹsẹ̀ yín yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Àwo Bàbá ni. Mo fẹ́ nù wọ́n. Fọwọ́ sí i, àmọ́ etí àwo ni kí o dì mú.

ÀBÚRÒ: Yéè! "Juju Music" ti Sunny Adé! Ti 1982! Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń tọ́jú àwo yìí bí ẹyin. Àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ẹ wá wo orúkọ ẹni tó gbé e jáde: Martin Meissonnier. Ṣé ẹ mọ ẹni tó jẹ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti rí orúkọ yẹn lẹ́yìn àwo láti kékeré. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

ÀBÚRÒ: Ará Faransé ni. Akọ̀ròyìn ni, DJ ni, ó sì ń gbé orin jáde. Ó ti bá Fela náà ṣiṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ Sunny. Bob Marley kú ní 1981, iléeṣẹ́ Island Records tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde sì ń wá olórin míì láti ọ̀dọ̀ aláwọ̀ dúdú tí gbogbo ayé lè tẹ́tí sí. Ọmọ ọba Òǹdó ni wọ́n mú, Sunday Adéníyì Adégẹ́yẹ, Sunny tiwa. Meissonnier ló jókòó ti ẹ̀rọ ní sítúdíò. Ẹ rí i pé DJ ti wà nídìí orin wa láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yìn àwo ni orúkọ rẹ̀ kàn wà.

Ẹ̀GBỌ́N: DJ ni? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá wá ń yé mi. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ra àwo yìí dé láti Àkúrẹ́. Ó wẹ̀, ó wọ búbá, ó jókòó. Ìwọ rántí bí àwo Sunny ṣe máa ń rí nílé: apá kan, orin kan, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú, láìdúró. Inú rẹ̀ ni oríkì àwọn olówó wà, inú rẹ̀ ni òwe wà, inú rẹ̀ ni ìlù ti ń bá gìtá ṣàwàdà. Ẹni tó bá fẹ́ náwó lè ti ìdí àga rẹ̀ jó lọ bá ẹni tó ń ṣe ìnáwó, kó ná an tán, kó jó padà, orin ò ní tíì parí. Ti èyí, orin méje ni wọ́n pín in sí. "Ja Funmi" tó ṣáájú, nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ni. Bó ṣe parí ni Bàbá gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló gé Sunny wẹ́wẹ́?"

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ ohùn wọn nínú ọ̀rọ̀ yẹn!

Ẹ̀GBỌ́N: Kò bínú pẹ́ o. Gìtá tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń fà lórí ẹsẹ̀ yẹn, tó máa ń sunkún bí ọmọdé tí oorun ń kùn, òun ló mú un. Ó gbọ́ àwo náà títí ó fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ra "Synchro System" ní 1983. Ó tún ra "Aura" ní 1984. Ibi "Aura" ni òun àti Sunny ti pínyà.

ÀBÚRÒ: Èyí tí Stevie Wonder ti fun hamóníkà.

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tí ẹ̀rọ ìlù gbalẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá ò jó sí i lẹ́ẹ̀kan. Mo rò ó títí mo fi mọ ìdí rẹ̀: ẹ̀rọ ìlù kì í wo ẹsẹ̀. Onígángan ń wò ọ́. Bó bá ti rẹ̀ ọ́, ó mọ̀, á dẹ ìlù náà fún ọ. Bó bá rí i pé agbára ṣì wà, á pè ọ́ lórúkọ, á tì ọ́ síwájú. Ẹ̀rọ ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ó ṣẹlẹ̀ pé Island náà jáwọ́ lẹ́yìn "Aura", Sunny sì padà sílé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún ará Faransé yẹn. Ká ní kò gé e, rédíò wo ní ìlú òyìnbó ló máa fi ogún ìṣẹ́jú gbọ́ Yorùbá? Gígé yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n yan "Synchro System" mọ́ àwọn tó ń dupò Grammy ní Amẹ́ríkà. Ní 1986, Adépọ̀jù yín yẹn fa gìtá nínú "Graceland" ti Paul Simon. Ilẹ̀kùn tí Meissonnier ṣí ni wọ́n gbà wọlé. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ bi yín, ẹ má bínú.

Ẹ̀GBỌ́N: Béèrè.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní ẹ̀rọ ìlù kì í wo ẹsẹ̀. Ìlù "Nobody" ńkọ́? Ṣé onígángan ló wà níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Hmm.

ÀBÚRÒ: Ẹ dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ n dè wáyà yìí ná.

O mú mi níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni. Kò sí awọ nínú rẹ̀. Ó sì mú Bàbá ìjọ dìde lórí àga níṣojú mi. Nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ibo ló ti kọ́ ẹsẹ̀? Ará Faransé yẹn gbọ́n, ó fẹ́ràn Sunny, mo gbà. Ẹsẹ̀ Paris ló mọ̀. Ó ń ṣe orin fún ẹni tó máa dá dúró láàárín òkùnkùn kílọ́ọ̀bù, tí kò ní ẹni tó máa lọ bá, tí kò ní náírà lọ́wọ́. Bàbá ní ibi tó ń jó lọ. Àwọn DJ tiwa yìí, Jimmy Jatt tó gbé "The Definition" jáde ní 2007, Neptune, Spinall onífìlà, òde wa ni wọ́n ti jáde. Orin wọn kúrú ju ti Sunny lọ fíìfíì, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé èmi ni màá so ó mọ́ òmíràn. Ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n gé kúrò nínú àwo Bàbá, ọwọ́ DJ òde ló padà sí. Èmi ni mò ń tò ó pọ̀ báyìí, láti orin méje, mẹ́jọ, kí oníjó lè rí àyè lọ, kó rí àyè bọ̀.

ÀBÚRÒ: Mi ò rò ó báyìí rí.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi náà ò rò ó rí. Ìbéèrè rẹ ló fà á yọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Ní 2016, ọ̀sẹ̀ 15 ni "One Dance" ti Drake fi ṣe àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn Wizkid ọmọ Ojúẹlẹ́gbà wà nínú rẹ̀. Ohùn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Kyla wà nínú rẹ̀, láti inú orin kan tí àwọn Crazy Cousinz ṣe fún un ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2008. DJ Maphorisa ti South Africa wà lára àwọn tó ṣe ìlù rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù, gbogbo bọ́ọ̀sì. Àwọn tó ń kọ ọ́ lẹ́nu ní Peckham kò mọ̀ ju Drake lọ. Mo máa ń sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ọmọ tiwa wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi kan ló wá ṣàlàyé fún mi pé orúkọ tó wà níwájú kọ́ ló ń pín owó. Ìwé ló ń pín in. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe ìlù, ẹni tí wọ́n mú ohùn rẹ̀ láti inú orin àtijọ́, kálukú ní ìdá tirẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kí orin tó jáde. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé yẹn, àfi kó máa jó.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwé.

ÀBÚRÒ: Kí ló dé? Ojú yín yí padà.

Ẹ̀GBỌ́N: Tú páálí yẹn dé ìsàlẹ̀. Sídíì kan wà níbẹ̀ tí kò ní àwòrán.

ÀBÚRÒ: Òun rèé. Kò sí nǹkan tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ní 2006, wọ́n sin àgbà kan ní Ijù. Èmi ni mo fi orin sí i. Lóru àìsùn, ẹ̀rọ mi dákẹ́, epo tán. Àwọn ìyá mẹ́rin kan dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ọ̀kan ń dá, àwọn mẹ́ta ń gbè é, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ìlù. Kò sí ẹni tó jókòó. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní kọ̀ǹpútà nítòsí FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, nígbà yẹn. Èmi àti òun jókòó fún òru mẹ́ta, a fi ìlù sí abẹ́ ohùn àwọn ìyá náà. Mo mọ iye tí màá lù ú, torí mo rí ẹsẹ̀ wọn lóru yẹn. Ó dùn. Kì í ṣe torí pé èmi ni mo ṣe é. Ó dùn.

Mo gbé e fún ẹnì kan ní Àkúrẹ́ pé kó bá mi tẹ igba jáde. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ méjì. Mo padà, ó ní iná bà á jẹ́. Lóṣù kẹrin, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òǹdó, dẹ́rẹ́bà fi orin sí i. Orin mi ni. Orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n fi kí aráyé níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lẹ ohùn rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Mo sọ̀kalẹ̀ kí a tó dé ibi tí mò ń lọ. Mi ò lè jókòó tì í.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mélòó nìyí, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo sọ fún Bàbá. Nítorí ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe ni mo ṣe fẹ́ràn kí DJ fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú. Bí mo bá ti rí "DJ" níwájú orin báyìí, inú mi á dùn, bí ẹni pé ẹnì kan gba nǹkan mi padà fún mi.

ÀBÚRÒ: Ó yé mi. Èmi ni mo ṣàṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Rárá, dúró. Láti ìgbà tí o ti ń sọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni nǹkan kan ti ń gún mi láyà. Kí o tó rí mi bí ẹni tí wọ́n jà lólè, gbọ́ èyí ná. Àwọn ìyá mẹ́rin yẹn, mi ò kọ orúkọ wọn sí i. Mi ò bi wọ́n bóyá kí n gba ohùn wọn. Orúkọ tèmi nìkan ni mo kọ sórí èyí tí mo gbé lọ fún ọkùnrin yẹn, gàdàgbà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Ó pa orúkọ mi rẹ́, èmi náà ti pa tiwọn rẹ́ ṣáájú. Ìbéèrè tí o bi mí ní àkọ́kọ́, kí ló kan DJ nínú rẹ̀, mo fi aṣọ ẹbí dá ọ lóhùn. Ó tọ́, àmọ́ mi ò dárúkọ ahunṣọ.

ÀBÚRÒ: Ṣé wọ́n ṣì wà?

Ẹ̀GBỌ́N: Méjì ti lọ kó tó di 2015. Ọ̀kan wà ní Ijù, kò ríran mọ́. Ẹni tó ń dá orin náà ló kù.

ÀBÚRÒ: Òun wà níbo?

Ẹ̀GBỌ́N: Òun la ń sin lọ́la.

ÀBÚRÒ: Ìyá òdìkejì títì?

Ẹ̀GBỌ́N: Òun ni. Kò mẹ́nu bà á fún mi láti ọdún náà. Ó máa ń kí mi láràárọ̀ bó bá ń gbálẹ̀, á ní, "Ẹlẹ́rọ, orin wo lónìí?"

ÀBÚRÒ: Ṣé sídíì yìí ṣì ń sọ̀rọ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò tíì fi sí i láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Gbé e wá. Tan jẹnẹrétọ̀ yẹn fún mi, fà á lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta ló máa ń gbà.

ÀBÚRÒ: Ó ti tàn.

Ẹ̀GBỌ́N: Pẹ̀lẹ́. Jẹ́ n fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ná. Gbọ́ ọ. Òun nìyẹn, ẹni tó dá a yẹn.

ÀBÚRÒ: Háà. Ohùn rẹ̀ le tó báyìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Wá bíròò àti ìwé fún mi nínú ilé. Orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni màá kọ, màá gbé e fún alága kó kà á sórí máìkì kí n tó tẹ̀ ẹ́. Màá rán ọkọ̀ lọ gbé èyí tó wà ní Ijù wá láàárọ̀. O bi mí pé orin wo ni màá kọ́kọ́ fi sí i.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní ẹ ò tíì mọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti mọ̀ ọ́n. Wo ẹnu ọ̀nà yẹn. Wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.